Ẹ wo ọrùn ọmọ, ẹ má wo kàlẹ́ńdà nìkan

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ́ ẹ máa ń gba ìwé yìí kà lọ́wọ́ ọmọ yín. Láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ lórí oorun ọmọ ọwọ́ lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti ń ya wọlé, àmọ́ oorun kọ́ lẹ ń béèrè mọ́, oúnjẹ ni. Ìgbà wo ni kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, kí ló máa kọ́kọ́ jẹ, ìyá ọkọ mi ní kí n bẹ̀rẹ̀, dọ́kítà ní kí n dúró. Mo mú díẹ̀ nínú wọn, mo sì gé àwọn míì kúrú torí ẹlòmíì kọ ojú ewé 4 kó tó débi ìbéèrè gan-an. Mi ò bínú o, mo mọ̀ pé àìsùn ni.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi obìnrin pé oṣù 4 lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmú nìkan ló ń mu. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń sùn wákàtí 5 gbáko lóru àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ 2 báyìí wákàtí méjì-méjì ló ń jí, ó ń jẹ ọwọ́ ẹ̀ ṣáá, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ bí omi, tí mo bá sì ń jẹun ojú ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ṣíbí mi láti inú abọ́ dé ẹnu. Ìyá ọkọ mi ní ebi ló ń pa ọmọ, wàrà mi ò tó o mọ́, kí n fún un lóúnjẹ. Ọmọ ẹnì kan níbi iṣẹ́ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3 ó sì sanra gan-an. Dọ́kítà wa ní kí n dúró di oṣù 6. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ó ti sú mi. (Ìyá Ọmọ Kò-Sùn)

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Àìsùn ò dáa rárá, ó máa ń jẹ́ kí gbogbo ìmọ̀ràn dà bí òótọ́ létí èèyàn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú "wàrà ẹ ò tó" yẹn, torí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun ìyá ọmọ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wàrà ò bá tó, ara ọmọ ló máa sọ ọ́: tẹ́ ẹ bá gbé e sórí ìwọ̀n kò ní máa wúwo sí i bó ṣe yẹ, nápì ẹ̀ ò ní máa tutù dáadáa, á máa rẹ̀ ẹ́, kò ní lè ṣeré. Tí ìwọ̀n ẹ̀ bá ń gòkè, tó sì ń tọ̀ sí nápì 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, wàrà ẹ tó. Ẹni tó bá ní kò tó, kó gbé ìwọ̀n wá.

Ti ọwọ́ jíjẹ ńkọ́? Ọmọ oṣù 4 ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun lọ́wọ́ ni, ẹnu ló sì fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò. Itọ́ náà ò ní ebi nínú, àsìkò ẹ̀ ló tó. Oorun tó dàrú lójijì, ìgbà yẹn gan-an ni oorun ọmọ máa ń yí padà, oorun fúyẹ́fúyẹ́ tó ń já lóròòru, ó máa ń kọjá. Ní ti ṣíbí tó ń wò, fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kó o wò ó, ojú kan náà ló máa fi wo ìyẹn, á sì fẹ́ jẹ ẹ́.

Èmi náà jẹ́wọ́ o. Àkọ́bí mi ò tíì pé oṣù 4 tí mo fún un lóúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ kan torí mo fẹ́ sùn. Kò sùn. Ìgbẹ́ ò jáde fún ọjọ́ 4, òun ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ti wá yẹ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oorun yìí wò dáadáa ní England àti Wales, wọ́n kó ọmọ tó lé ní 1,300 jọ, wọ́n ní kí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ láti nǹkan bí oṣù 3, kí àwọn tó kù mu ọmú nìkan di nǹkan bí oṣù 6, èsì tó dá lórí oorun sì jáde ní 2018. Àwọn tó tètè jẹun sùn jù lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún ẹ, àmọ́ níbi tí ìyàtọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù, bí ìṣẹ́jú 16 lóru kan ni. Ìṣẹ́jú 16! Kó o tó fọ abọ́ tọ́mọ fi jẹun tán, ó ti lọ.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn kéèyàn máa béèrè oṣù nìkan. Ara ọmọ ni kó o wò. Ọrùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé ọmọ yìí lè jókòó, kódà kó o fi nǹkan tì í lẹ́yìn, kí orí ẹ̀ sì dúró ṣinṣin láìyẹ̀ sọ́tùn-ún sósì? Ọmọ tí orí ẹ̀ ṣì ń ṣubú síwájú, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ò là dáadáa, oúnjẹ máa pá a lórí. Lẹ́yìn ọrùn, ahọ́n. Ọmọ tuntun máa ń fi ahọ́n ti ohunkóhun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu jáde, ẹ̀ṣọ́ ni Ẹlẹ́dàá fi síbẹ̀ kí nǹkan tí kì í ṣe wàrà má baà wọlé, tí ẹ̀ṣọ́ yẹn bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo oúnjẹ tó o bá fi ṣíbí bù sí i lẹ́nu, àgbọ̀n lo máa nu ún lára ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí ojú, ọwọ́ àti ẹnu ti mọ ara wọn: ó rí nǹkan, ó nawọ́ mú un, ó gbé e sẹ́nu láìfi gún imú. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sára ọmọ kan ṣáájú oṣù 6, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dọ́kítà ẹ àti ọ̀rọ̀ ara ọmọ máa bára wọn mu lọ́pọ̀ ìgbà.

Oṣù 6 yẹn náà, wọn ò ṣàdédé mú un. Títí di 2001, oṣù 4 sí 6 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń sọ, ọdún yẹn ni wọ́n wá yí i sí oṣù 6 torí ọmọ tó mu ọmú nìkan di oṣù 6 kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Gbogbo ṣíbí, abọ́ àti omi tó bá kan oúnjẹ ọmọ ló lè gbé kòkòrò wọlé. Ikùn ẹ̀ sì kéré, ohun tó o bá kó síbẹ̀ máa gba àyè wàrà, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ olómi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sáábà máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò lágbára tó wàrà. O máa rí dọ́kítà ọmọdé ní Yúróòpù tó máa ní láti oṣù 4 èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ tí ara ọmọ bá ti tó o, àmọ́ àwọn náà ò gbà á ṣáájú oṣù 4, wọn ò sì gbà kó kọjá oṣù 6. Ọmọ níbi iṣẹ́ ọkọ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3, ọ̀dọ̀ ta ló ti gbọ́ ìyẹn, èmi ò mọ̀.

Nítorí náà, dúró. Fún un lọ́mú sí i lọ́sàn-án, gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ kọ́kàn ẹ lè balẹ̀. Ìyá ọkọ ẹ, má bá wọn jiyàn o, sọ pé dọ́kítà ní ọrùn ọmọ ò tíì le tó, kó o wá bẹ̀ wọ́n pé tí ọjọ́ bá pé, àwọn ni kí wọ́n fún ọmọ ní ṣíbí àkọ́kọ́. Tó bá di oṣù 5 àbọ̀, àwọn gan-an ló máa máa yẹ ọrùn ọmọ wò fún ẹ láràárọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, bàbá ọmọ ni mí o, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọmọ wa ọkùnrin ti di oṣù 7. Ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn la bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, gbogbo ẹ̀ ló ń tu dànù, á fajú ro bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò. Ìyàwó mi ní ká padà sí ọmú nìkan títí á fi pé ọdún 1, ó ní wọ́n sọ pé kọ́mọ tó pé ọdún 1, eré lásán ni oúnjẹ. Ṣé òótọ́ ni? (Bàbá Onísùúrù)

ÌDÁHÙN: Kò yà mí lẹ́nu, sà, inú mi dùn ni, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ máa ń kọ lẹ́tà ò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ "eré lásán" yẹn, ìdajì ẹ̀ lòótọ́. Lóòótọ́ wàrà ṣì ni olórí oúnjẹ ọmọ títí ó fi máa pé ọdún 1, àmọ́ ohun kan wà tí wàrà ò lè ṣe mọ́ lẹ́yìn oṣù 6, ìyẹn ni iron, èròjà tó ń bá ara ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ọpọlọ ọmọ náà sì nílò. Ọmọ máa ń kó iron pamọ́ sára láti inú ìyá ẹ̀, bí owó tí èèyàn gbé sí báǹkì, oṣù bíi 6 ló fi ń ná an, lẹ́yìn náà báǹkì máa gbẹ. Ọmọ oṣù 7 sí 12 nílò iron tó bíi mílígíráàmù 11 lójúmọ́, odidi lítà wàrà ọmú kan ò sì ní ìdajì mílígíráàmù kan nínú. Ara ọmọ máa ń lo ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò lè tó láéláé. Ẹ ẹ̀ rí i pé eré kọ́. Bí mo ṣe ń bá àwọn tó fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀ jà náà ni mo máa ń bá àwọn tó fẹ́ fi falẹ̀ jà.

Ẹ wá gbọ́ o, ọmọ yín ò kọ oúnjẹ. Oṣù 7 ló fi ń fa wàrà mu, ahọ́n ẹ̀ ò mọ iṣẹ́ míì, ẹ wá gbé nǹkan tó ki sí i lẹ́nu, ó fẹ́ gbé e sẹ́yìn, ó tì í síwájú, ojú ẹ̀ tó rò yẹn, ìyàlẹ́nu ni, kì í ṣe ìbínú. Oúnjẹ kan ṣoṣo, ọmọ lè nílò kó tọ́ ọ wò tó ìgbà 8, 10, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbà á, bẹ́ẹ̀ ìgbà 3 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa gbìyànjú tí wọ́n á ní "ọmọ mi ò fẹ́ràn ẹ̀fọ́". Ẹ sinmi lónìí, ẹ gbé e wá lọ́tunla.

Kí ló yẹ kẹ́ ẹ fún un? Ẹran tí ẹ lọ̀ kúná, ẹja tí ẹ ti ṣa gbogbo egungun kúrò nínú ẹ̀, ẹyin tó jinná dáadáa, ẹ̀wà tí ẹ tẹ̀ rọ̀, gbogbo wọn ló ní iron nínú, kẹ́ ẹ sì fi èso tàbí tòmátì sí i torí fítámì C wọn máa ń bá ara fa iron mọ́ra. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kéèyàn máa fi èso àti ẹ̀fọ́ nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù 2 gbáko, ó ní ẹran á le jù fún un. Kò le jù. Ẹ má ṣe é kó ṣàn bí omi o, tẹ́ ẹ bá yí ṣíbí dẹ̀gbẹ́, kó rọra yọ́ sílẹ̀ ni, kó má dà ṣàà, torí omi ló máa kún inú ọmọ tí oúnjẹ bá ti ṣàn jù.

Ṣíbí 2 sí 3 ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà 2 sí 3 lójúmọ́, tó bá fi máa di oṣù 8 á ti máa sún mọ́ ìdajì kọ́ọ̀pù 250ml lẹ́ẹ̀kan. Láti oṣù 9, ẹ sọ ọ́ di ìgbà 3 sí 4. Ẹ fún un nígbà tí ebi ń pa á díẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó ti ń ké fún wàrà. Tó bá yí orí kúrò, ó ti parí nìyẹn, ẹ má fọwọ́ di í lágbọ̀n, ẹ má fi fóònù tàn án jẹ kó lè yanu. Tó bá di oṣù 9 tó ṣì ń pọ gbogbo nǹkan jáde tàbí tí ìwọ̀n ẹ̀ dúró sójú kan, dọ́kítà ló kàn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o Àǹtí. Ọmọ mi jẹ́ oṣù 4 ààbọ̀, eczema, àrùn awọ ara tó máa ń gbẹ tó sì máa ń yún, wà lójú ẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀, ó le gan-an, a ti pààrọ̀ ìpara títí. Èmi fúnra mi ò lè jẹ ẹ̀pà, ara mi á wú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹyin di ọdún 1, ẹ̀pà di ọdún 3 fún irú ọmọ báyìí. (Ẹlẹ́rù Ẹ̀pà)

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ, àwọn dọ́kítà ló kọ́ ọ. Ní 2000, ẹgbẹ́ àwọn dọ́kítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní ọmọ tí allergy, ìyẹn kí ara máa kọ oúnjẹ kan, wà nínú ìdílé ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀pà títí á fi pé ọdún 3. Gbogbo èèyàn gbọ́, wọ́n tẹ̀ lé e, allergy ẹ̀pà ò sì dín kù, ó ń pọ̀ sí i ni. Nígbà tó di 2008, wọ́n gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn kan fi ọmọ Júù tó ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì wé àwọn tó ń gbé ní Ísírẹ́lì, wọ́n rí i pé àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì ní allergy ẹ̀pà ní ìlọ́po bíi 10. Kí ló dé? Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń jẹ ẹ̀pà láti kékeré, àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì ò kàn án.

Wọ́n wá dán an wò ní London, ọmọ 640 tí eczema wọn le tàbí tí ara wọn kọ ẹyin, irú tìẹ gan-an. Àwọn kan ń jẹ ẹ̀pà títí di ọdún 5, àwọn kan ò jẹ ẹ́ rárá. Èsì ẹ̀ jáde ní 2015: nínú 100 àwọn tí ò jẹ ẹ́, bíi 17 ló ní allergy, nínú 100 àwọn tó ń jẹ ẹ́, bíi 3. Ìwé ìmọ̀ràn yí padà kárí ayé lẹ́yìn ìyẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí ó jẹ́ ká mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló dá ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù sílẹ̀.

Wàyí o, ó máa dà bí ẹni pé mo ń tako ohun tí mo sọ lókè. Fún ọmọ tí eczema ẹ̀ le, má dúró di oṣù 6 kó o tó lọ rí dọ́kítà, lọ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n lè fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí awọ ara ẹ̀ wò kí wọ́n sì ní kó o bẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà láàárín oṣù 4 sí 6, ìwọ̀nba díẹ̀, tí ara ẹ̀ bá ti tó oúnjẹ gbé mì. Má dá a ṣe nílé o. Ọmọ tí kò ní eczema tàbí allergy kankan, ìyá ẹ̀ lè fún un lẹ́yin àti ẹ̀pà láti nǹkan bí oṣù 6 pẹ̀lú oúnjẹ tó kù, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ní àárọ̀ kó lè máa wò ó, kì í ṣe alẹ́ tí gbogbo ilé máa sùn. Ẹ̀pà lílọ̀ tó dán ni, tí wọ́n fi wàrà tàbí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tú, torí ẹ̀pà oníhóró lè fún ọmọ lọ́fun. Tí ètè ẹ̀ bá wú, tí ara ẹ̀ lé wúruwùru, tó ń bì lábì-í-dákẹ́, tàbí tí èémí ẹ̀ ń há, pajáwìrì ni, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Tó bá wá jẹ ẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe é, má dáwọ́ dúró, máa fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀sẹ̀ 32 ni wọ́n bí ọmọ mi. Oṣù 6 tèmi dà, láti ọjọ́ ìbí ni àbí láti ọjọ́ tó yẹ kí n bí i?

ÌDÁHÙN: Ọ̀sẹ̀ 8 ló fi yá, torí náà kí ìwọ náà yọ bí oṣù 2 kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ̀ kó o tó fi wé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Àwọn dọ́kítà sáábà máa ń ní láàárín oṣù 5 sí 8 sí ọjọ́ tí wọ́n bí i gangan, níbi tó bá ti bọ́ sí nínú ẹ̀, ọrùn àti ahọ́n ló máa sọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò ráàyè kó iron pamọ́ tó torí àwọn oṣù tó kẹ́yìn nínú oyún ni wọ́n ń kó o jù, béèrè lọ́wọ́ dọ́kítà ẹ bóyá ó yẹ kó máa lo oògùn iron olómi. Má fi ti ẹ wé ti ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Mo bí 5, oṣù 3 ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ìkankan ò kú, ọ̀kan nínú wọn ló ń ka ìwé yín yìí fún mi. Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé a ò mọ nǹkan tá à ń ṣe nígbà yẹn? (Ìyá Àgbà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má bínú, ìyá mi, mo tọrọ gáfárà. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ yín lẹ ṣe, àwọn tó sì kọ́ yín gan-an ló ń yí ohùn padà. Ní àwọn ọdún 1950, dọ́kítà ọmọdé kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń ní kí wọ́n fún ọmọ lóúnjẹ láti ọjọ́ 2 sí 3 tí wọ́n bí i. Ọjọ́ o, kì í ṣe oṣù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró di oṣù 3, ẹ gbọ́n ju tiẹ̀ lọ fíìfíì.

Àwọn 5 tẹ́ ẹ bí wà láàyè, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹni tó sọdá títì láìwo ọ̀tún wo òsì náà sáábà máa ń dé òdìkejì, a ò sì ní torí ìyẹn kọ́ ọmọ-ọmọ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ara yín, ìgbà tí wọ́n wà ní oṣù 3 sí 4, ṣé inú kì í ṣí gbuuru lemọ́lemọ́ ni? Ohun kan sì wà tẹ́ ẹ mọ̀ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó síwájú ọmọ, kí wọ́n wo ojú ẹ̀, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n dúró dè é títí á fi gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn kọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ṣé mo lè da oúnjẹ ọmọ sínú fídà pẹ̀lú wàrà kó lè yó pẹ́? Oṣù 5. Ṣé oyin díẹ̀ náà dáa kó lè dùn?

ÌDÁHÙN: Rárá sí méjèèjì. Fídà fún fífà ni, tí oúnjẹ bá wọ̀ ọ́ ọmọ ò ní mọ ìgbà tó yó, ó sì lè pá a lórí. Oyin ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, kódà ìwọ̀nba tó rọ̀ mọ́ ìka, torí kòkòrò kan lè wà nínú ẹ̀ tí ikùn àgbà kì í gbà láyè láti hù àmọ́ tí ikùn ọmọ ò lè dí lọ́wọ́, ó máa hù síbẹ̀ ó sì máa tú májèlé tó ń mú kí ara ọmọ rọ jọ̀bọ̀tọ̀, botulism ni wọ́n ń pè é. Sísè ò pa á. Wàrà màlúù gẹ́gẹ́ bí ohun mímu, ọdún 1 náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè fi díẹ̀ se oúnjẹ. Iyọ̀ àti ṣúgà, ẹ fi sílẹ̀, kíndìnrín ọmọ ò tíì lágbára iyọ̀, ọmọ ò sì mọ̀ pé oúnjẹ yẹn ò dùn, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ọmọ mi pé oṣù 6, gbogbo àmì tẹ́ ẹ máa ń sọ ló wà lára ẹ̀, èmi ni ẹ̀rù ń bà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má lọ oúnjẹ rárá, kí n gbé e síwájú ẹ̀ kó fọwọ́ ara ẹ̀ mú un. Lẹ́ẹ̀kan tí mo dán an wò ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ bì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù yẹn ní láti bà ọ́, àmọ́ jẹ́ n sọ ìyàtọ̀ kan fún ẹ tó máa jẹ́ kó o mí. Ọmọ tó ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì máa ń pariwo: á wúkọ́, ojú ẹ̀ á pọ́n, omi lè dà lójú ẹ̀, ahọ́n ẹ̀ á yọ síta. Ara ẹ̀ ló ń dáàbò bò ó, níwájú ni ibi tó ń jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ, kò sí lẹ́yìn bíi ti àgbà. Fọwọ́ lérán, wò ó, má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu torí o lè tì í wọlé. Ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun ni kì í pariwo. Kò lè ké, kò lè wúkọ́, àyíká ẹnu ẹ̀ á máa dúdú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni kó o bẹ̀rù.

Tó bá ṣẹlẹ̀, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1: dà á dojú bolẹ̀ sórí apá ẹ tàbí itan ẹ, kí orí ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju ìdí lọ, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká ní ìgbà 5, tí kò bá jáde yí i padà kó o tẹ̀ ẹ́ láàárín àyà ní ìgbà 5, máa pààrọ̀ méjèèjì, kẹ́nì kan sì máa pe pajáwìrì. Má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn, kó o fi ọmọlangidi ṣe é lójú wọn lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ máa ń rántí ju orí lọ.

Kí ọmọ máa fọwọ́ ara ẹ̀ jẹun dáa. Ní New Zealand wọ́n wo ọmọ bíi 200, èsì ẹ̀ jáde ní 2016, àwọn tó ń fọwọ́ jẹun tí wọ́n kọ́ òbí wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n gé oúnjẹ, nǹkan ò há wọn lọ́fun ju àwọn tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ lọ. Kíkọ́ òbí yẹn ló ṣe pàtàkì o. Ohun tó bá le tàbí tó rí róbótó ni ọ̀tá: ẹ̀pà oníhóró, èso grape odindi, kárọ́ọ̀tì tútù, gúgúrú. Grape, là á sí mẹ́rin ní gígùn. Kárọ́ọ̀tì, sè é títí ìka 2 á fi lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Kó jókòó tààrà, kì í ṣe kó rọ̀gbọ̀kú, má sì fi í sílẹ̀ kó o lọ gbé omi. Kò pọn dandan kó o yan ọ̀kan ṣoṣo náà, lílọ̀ láàárọ̀, fífọwọ́mú lọ́sàn-án, ọmọ ò bìkítà, àwọn àgbà ló ń bára wọn jà lórí ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Láti ìgbà tí ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ìgbẹ́ ẹ̀ ń rùn, mo sì ń rí kárọ́ọ̀tì nínú ẹ̀ bí mo ṣe gbé e fún un. Ṣé inú ẹ̀ ò dáa ni?

ÌDÁHÙN: Inú ẹ̀ dáa. Kárọ́ọ̀tì wọlé, kárọ́ọ̀tì jáde, ikùn ẹ̀ ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ẹ̀, tó bá funfun bí ẹfun, tàbí tó ń ṣàn léraléra, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Tó bá wá le jù, ẹ fún un ní omi díẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù pẹ̀lú oúnjẹ. Òórùn yẹn, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i, ẹ ṣí fèrèsé.